Ẹ gbà mí o: antivirus wo ló bá ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mu?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ni mo ní l'Ádó-Èkìtì, lọ́nà yunifásítì. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, Windows 10, RAM 4GB. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wàhálà ti ń wá: wọ́n á ki fláàṣì bọ̀ ọ́, kí a tó ṣẹ́jú, fáírọ́ọ̀sì ti sọ gbogbo fóódà di shortcut. Ẹni tó fẹ́ tẹ pírọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ní àwa la bà á jẹ́, ariwo á sì sọ.

Mo ti pa AutoPlay, ohun tó ń ṣí fláàṣì fúnra rẹ̀. Mo ti fi Defender, antivirus tó bá Windows wá, yẹ gbogbo wọn wò, mo tún Windows fi sínú díẹ̀ nínú wọn. Pàbó. Microsoft sì ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, processor tèmi ò sì bá ohun tí Windows 11 ń béèrè mu. (Ẹ má sọ pé kí n ra tuntun o, ẹ jọ̀ọ́.)

Bitdefender GravityZone àti ESET PROTECT ni mo ń wò, torí méjèèjì ṣeé darí láti ojú kan. Relay ti Bitdefender wù mí: kọ̀ǹpútà kan á gba update, á pín in fún ìyókù. Dátà wọ́n, iná ò sì dúró.

Ẹni tó ti lo èyíkéyìí lórí RAM 4GB, èwo ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ falẹ̀, tó sì ń yẹ fláàṣì wò fúnra rẹ̀ kí oníbàárà tó ṣí i?