Aláìsàn orí ẹ̀rọ amúnimí: kí la tún lè ṣe sí òtútù àyà yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà ẹgbẹ́ mi. Ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ń bá mí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òtútù àyà sì ti tojú sú mi. Lẹ́yìn wákàtí 48 sí 72 lórí ẹ̀rọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí à ń fà jáde á ki bí àtè.

A máa ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè ní ìwọ̀n dígírì 30 sí 45. Láàárọ̀ nìyẹn o! Tó bá fi máa di òru, aláìsàn á ti yọ̀ wálẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ á ti kan àyà, a ó sì máa tan ara wa pé bẹ́ẹ̀dì ṣì ga. Kí lẹ fi ń dá a dúró?

A ń wọn agbára atẹ́gùn inú bàlúùnù tó yí rọ́bà ọ̀fun (èyí tí ẹ̀rọ ń gba inú rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn) ká, kó wà ní 20 sí 30 cmH2O, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn, torí tí bàlúùnù bá rọ̀, itọ́ á jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Búrọ́ọ̀ṣì la fi ń fọ ẹnu. Ìlànà 2022 ti SHEA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìdènà àrùn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ò fara mọ́ fífi chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, fọ ẹnu mọ́, àmọ́ àwọn ọ̀gá wa kan ò gbà.

Oògùn oorun ló dùn mí jù. A óò dín in kù láàárọ̀ kí aláìsàn lè gbìyànjú àtidá mí; ẹnìkan á ní ó ń bá ẹ̀rọ jà, wọn á tún fi kún un. Ta ló ń pinnu ìyẹn lọ́dọ̀ yín? Ẹ̀yin tó sì ń dá àǹtíbáyótíìkì dúró lọ́jọ́ 7, kí lẹ máa ń wò kí ọkàn yín tó balẹ̀?