Kọ̀ǹpútà mi a máa falẹ̀ bó bá jí lójú oorun

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, tó ní processor Intel (ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀) tó sì ń lo Windows 11, a máa yára dáadáa nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á dé kó sùn, tí ṣájà ṣì wà lára rẹ̀, tí mo sì ṣí i padà lẹ́yìn wákàtí kan, ńṣe ni yóò máa wọ́ bí ìgbín. Bí mo bá ń tẹ ọ̀rọ̀, ìka mi á ti kúrò lórí bọ́tìnnì kí lẹ́tà tó yọjú. Mo ṣí Task Manager, ojú ibi tí Windows ti ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, mo sì rí i pé 0.39 GHz ni eré processor dúró sí gbagidi, bẹ́ẹ̀ ó máa ń kọjá 3 GHz tẹ́lẹ̀. Kò gbóná rárá. Fáànù rẹ̀ kò tilẹ̀ yí. Nígbà míì, bí mo bá tún un tàn, á dára. Nígbà míì, kò ní dára. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní:
Ẹ kọ́kọ́ yẹ ètò iná rẹ̀ wò nínú Control Panel, kí iye tó wà níwájú Maximum processor state jẹ́ 100%, ì báà wà lórí ṣájà tàbí lórí bátìrì. Bí BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà, bá ti pẹ́, ẹ gba tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é.

Olùbéèrè:
100% ni mo bá níbi méjèèjì, BIOS náà sì ti di tuntun. Kò yí padà.

Ìdáhùn kejì:
0.39 GHz tí ẹ kọ yẹn gan-an ló sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. 100 MHz ni ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ processor wọ̀nyí ń sọ di ìlọ́po, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn 400 MHz (0.4 GHz), sì ni wọ́n sábà máa ń já bọ́ sí bí nǹkan bá dì wọ́n mú. Bó bá há síbẹ̀ láìgbóná, BD PROCHOT ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àmì iná kan ni, tí processor fi ń kéde pé ooru mú òun, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló ń gbà: àwọn ẹ̀yà mìíràn lórí bọ́ọ̀dù náà lè fi pàṣẹ fún processor pé kó rọra, bí kò tilẹ̀ gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, embedded controller, ìyẹn chip kékeré tó ń bójú tó iná àti fáànù, a máa bi ṣájà léèrè iye wáàtì tó lè gbé wá. Bí kò bá gbọ́ èsì tó yé e, á kà á sí ṣájà tí kò lágbára, á sì fa processor sẹ́yìn. Bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni títún un tàn ń wò ó, mo rò pé ẹnu ṣájà ni kò kanra dáadáa. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí controller náà lè gbàgbé ohun tó dì mú. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó sùn kó sì jí lórí bátìrì nìkan.

Ìdáhùn kẹta:
Kí ni gbogbo wàhálà yẹn fún? Ẹ fi ThrottleStop, ètò kékeré kan tí a fi ń darí eré processor, síbẹ̀, ẹ yọ àmì kúrò níwájú BD PROCHOT, ó parí. Bí mo ṣe ń lo tèmi nìyẹn.

Ìdáhùn kejì:
Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, processor yóò sì ṣì máa dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ooru tirẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀yà tó ń pín iná fún un bá ń gbóná jù, kò ní ní ẹnu tí yóò fi ké mọ́. Mo máa ń fi ThrottleStop mọ àìsàn ni, n kì í fi í ṣe oògùn.

Olùbéèrè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Lórí bátìrì, 3.1 GHz ló jí sí. Mo wá wo ẹnu ṣájà: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó wà láàárín rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo yá ṣájà mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀, tí wáàtì wọn dọ́gba. Ó ti sùn, ó ti jí lẹ́ẹ̀mẹrin láti àárọ̀, kò tíì padà sí 0.39.