Òtítọ́ tí a bù kún ti di àbùmọ́: lórí orúkọ eré orí fóònù tó ń mú àlejò rìn

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé gbólóhùn tó dá gbogbo àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún ẹ̀gbọ́n wa kan láti túmọ̀, ìwé tí wọn yóò pín fún àwọn tó ń mú àlejò káàkiri ìlú. Àkọlé tí wọ́n fún ìwé náà ní Yorùbá ni: "Lílo eré òtítọ́ àfikún onípò láti mú ìbẹ̀wò àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ gbèrú." Eré orí fóònù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ rìn dé ibì kan kó tó lè ṣe é ni wọ́n ń sọ, tí àwòrán tí fóònù dá sì lè yọ lórí ohun tí kámẹ́rà rí; "location-based augmented reality game" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Wọ́n ní ká bá àwọn wò ó.

Mo kà á sí ìyá mi létí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Màmá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Eré àwọn olóyè wo nìyẹn? Òtítọ́ wo ni wọ́n sì ń fi kún?"

Màmá ò ṣìnà rárá. Ibi tí nǹkan wà ni ẹ̀gbọ́n wa ní lọ́kàn tí wọ́n fi mú "ipò", ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ "onípò" á rí ẹni tó wà nípò ni: ọ̀gá àgbà, olóyè, ẹni tí wọ́n ń gbé àga iwájú fún lóde. Arábìnrin tó ní ká pè é ní "eré oníbi" tún wá dá kún un. "Ibi" tí nǹkan wà àti "ibi" tó jẹ́ òdìkejì ire, ohùn kan náà ni a fi ń pe méjèèjì, àmì ohùn kò lè gbà wá níbẹ̀. Ta ló máa fẹ́ kí ọmọ òun jáde lọ ṣeré ibi?

Ṣùgbọ́n "òtítọ́" yẹn gan-an ló ká mi lára. Ẹnu ni òtítọ́ ń gbé lọ́dọ̀ tiwa. A ń sọ ọ́, a ń jẹ́rìí sí i, a ń bò ó mọ́lẹ̀. Igi, òkúta, ògiri, wọn kì í ṣe òtítọ́, wọn kì í sì í ṣe irọ́. Wọ́n kàn wà ni. Bí ènìyàn bá sì wá fi nǹkan kún òtítọ́, Yorùbá ti ní orúkọ fún un tipẹ́: àbùmọ́ ni. Ẹni tó pa ẹja tó gùn tó ọwọ́, tó délé tó ní ó gùn tó ẹsẹ̀, òtítọ́ àfikún ló sọ yẹn. Ṣé ohun tí a fẹ́ kí àlejò kà nípa ìlú wa nìyẹn, pé a fẹ́ bù mọ́ ọn fún un?

Ohun tó fà á ni pé a ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ́yọ lẹ́yọ, a ò bi ara wa léèrè ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Ní iléeṣẹ́ Boeing tó ń ṣe bàálù ni "augmented reality", tí wọ́n ń gé kúrú sí AR, ti jáde, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Tom Caudell àti David Mizell, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1992. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń to wáyà bàálù sórí pákó ńlá ni wọ́n rò, tí wọ́n ní kí wọ́n máa wọ awò kan sójú, kí awò náà máa fi ojú ọ̀nà tí wáyà gbọ́dọ̀ gbà hàn wọ́n lórí pákó gan-an. Pákó wà níbẹ̀ bó ṣe wà, àwòrán wá lé e lórí. Ní 1997, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Ronald Azuma, fi ààlà sí i: ohun tí ojú rí àti ohun tí ẹ̀rọ dá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n máa dá ènìyàn lóhùn lójú ẹsẹ̀, kí ohun tí ẹ̀rọ dá sì jókòó sí àyè rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí o bá yí orí, kò ní bá ọ yí. Ẹ ò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ òtítọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tó wà lórí nǹkan mìíràn ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá nìyí: àfilékè. A ní awọ̀tẹ́lẹ̀, a ní ẹ̀wù àwọ̀lékè. Ẹni tó wọ àwọ̀lékè kò bọ́ ti abẹ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ kò sì yí padà. Nǹkan kan ló fi borí rẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ ro "àfilé", ó kúrú, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ó ń dún bí ohun tí wọ́n fi lé ènìyàn lọ́wọ́. Ẹnìkan nínú wa ti ní "lékè" ń rán òun létí àdúrà, pé ká lékè ọ̀tá. Kó máa rán wọn létí, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Kí ló dé tí n kò fara mọ́ "ìran àfikún" tí ọ̀pọ̀ yín ti ń fọwọ́ sí? Èkíní, "ìran" tí a ń wò àti "ìran" tí a ti ṣẹ̀ wá, kò sóhun tó yà wọ́n lójú ìwé. Èkejì ló sì wúwo jù: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la ń fi ojú rí. Ẹ wo Ingress, eré orí fóònù tí iléeṣẹ́ Niantic gbé jáde ní 2012 nígbà tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ Google. Kò sí àwòrán ẹranko kankan tó ń yọjú nínú kámẹ́rà nígbà náà. Máàpù ni o óò máa wò, wàá sì máa rìn. Ẹ̀rọ mọ ibi tó o wà, bó o bá sì dé iwájú ère kan tàbí ilé àtijọ́ kan, ibẹ̀ á ṣí fún ọ. Àwọn eléré fúnra wọn ló ń ya ère àti ògiri tí wọ́n kùn lọ́dà, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́. Inú ohun tí wọ́n kó jọ bẹ́ẹ̀ ni Pokémon GO, eré Niantic mìíràn tí eléré ti ń wá ẹranko inú fóònù kiri, ti mú ọ̀pọ̀ ibùdúró rẹ̀, ìyẹn àwọn ibi tí eléré ń rìn dé, nígbà tó dé ní oṣù Keje 2016. Ìdí nìyẹn tí ibùdúró fi ń ṣe gìrìgìrì níbi tí eléré ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ṣọ̀wọ́n níbi tí ẹnì kankan ò ti rìn dé. Nínú Ingress, orí ìlú ni wọ́n fi nǹkan lé, kì í ṣe orí ohun tí ojú ń rí. "Ìran" ò lè gbé ìyẹn. "Àfilékè" gbé e.

Ọ̀dọ̀ ọmọdé ni mo ti rí èyí dájú, kì í ṣe nínú ìwé. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ti mú wa dé abẹ́ àpáta níbi tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi nígbà ogun, ó ń fi àwọn ihò tó wà lára òkúta hàn wá, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ ata. Ọmọ yìí, tó ń ṣe Pokémon GO, na fóònù sí ihò kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ó ti jókòó sórí ihò yẹn o!"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, sà. Inú fóònù ló wà. Àmọ́ ibẹ̀ ló wà."

Ó gba fóònù náà, ó wo ẹranko kékeré aláwọ̀ yẹ́lò, elétí gígùn, tó gúnwà sórí ọlọ àwọn ìyá ńlá wọn. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa. Àwọn tó ń lọ ata náà ò kúkú sí níbí mọ́, èmi náà ṣì ń fi wọ́n hàn yín." Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè iye dátà tó ń jẹ.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà lò: "jókòó sórí". Kò sọ pé ó fi kún nǹkan kan. Kò pẹ́ rárá tó pa kámẹ́rà náà, ó ní bátìrì òun ń lọ, ó wá ń fi máàpù nìkan rìn títí a fi sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe eré yìí ló ń pa apá kámẹ́rà rẹ̀. Nítorí náà nǹkan méjì ni a ń sọ, a ò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ kan dè wọ́n pọ̀: àfilékè wà lọ́tọ̀, eré tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé ibì kan kó tó lè ṣe é wà lọ́tọ̀.

Fún èkejì yìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé. A ti ní alárìnjó, àwọn eléré tó ń rìn láti ìlú dé ìlú tí wọ́n ń jó. Eléré ló ń rìn nígbà náà, òǹwòran á dúró sójú agbo. Níhìn-ín, òǹwòran gan-an ló ń rìn. Mo ní ká pè é ní eré alárìnwò: o rìn, o sì wò. Kò mú ipò lọ́wọ́, kò mú ibi lọ́wọ́. "Arìnkiri" tí ẹnìkan dábàá ní ẹ̀gàn nínú, ẹni tí kò níbi tó ń lọ ló ń rìn kiri.

Wọ́n tún ní kí ló dé tí kì í ṣe "ayò". Ìdí ni pé orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ta ayò, ọ̀pọ́n ò dìde rí. "Eré" ló tọ́ sí i, nítorí eré kan náà tí a ń ṣe ni a tún ń sá. Ní Tottori lórílẹ̀-èdè Japan, níbi òkìtì iyanrìn etí òkun, ìjọba ìpínlẹ̀ fi Pokémon GO pe àlejò. Ní oṣù Kọkànlá 2017, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó wá lé ní 80,000. Orí iyanrìn ni gbogbo wọn ti rìn. Ẹ bi ẹsẹ̀ wọn léèrè bóyá ayò ni.

Ẹni tó sì ní ká fi AR sílẹ̀ bó ṣe wà, mo gbọ́ yín. Géèmù ti gba ẹnu ọmọ wa, n kò ní bá a jà. Rédíò náà ti lé asọ̀rọ̀mágbèsì kúrò nínú ilé, kọ̀ǹpútà sì ti fi ẹ̀yìn ayárabíàṣá balẹ̀, ó sì tọ́ sí i, nítorí ayárabíàṣá kàn ń ki ẹ̀rọ náà ni, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959 títí dòní, amóhùnmáwòrán ṣì wà lẹ́nu oníròyìn. Ó mú ohùn, ó mú àwòrán. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀.

Ó ku "afẹ́". Mo mọ̀ pé arìnrìn-àjò afẹ́ ti wà nínú ìwé ìròyìn, n kò ní ká pa á rẹ́. Mo kàn ní kó má wọ ìwé yìí. Nígbà tí Pokémon GO ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2016, àwọn tó ń tọ́jú Auschwitz ní Poland, àgọ́ tí ìjọba Násì ti pa àwọn Júù, àti ibi ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa, èyí tó wà ní Washington, bẹ àlejò pé kí wọ́n má ṣe é níbẹ̀. Hiroshima ní Japan ní kí wọ́n yọ àwọn ibùdúró kúrò nínú ọgbà ìrántí wọn kí ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ tó pé, àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ìlú náà. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra àlejò, wọ́n kórìíra kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe fàájì. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà lára àwọn ibi tí UNESCO ń dáàbò bò láti 2005, aláwòrán ń lọ, olùjọ́sìn ń lọ, ẹni tó ń wá ọmọ náà ń lọ. Èwo nínú wọn ló ń ṣe afẹ́? "Àlejò" ni mo fẹ́. Àlejò ní onílé tó gbà á, ó sì mọ̀ pé ibì kan wà tí òun gbọ́dọ̀ ti bọ́ bàtà.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Iṣẹ́ tí eré yìí fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, n kò sì rí ìdí tí a ó fi sọ pé ó fẹ́ mú ìbẹ̀wò "gbèrú". Ọmọ ń gbèrú, òwò ń gbèrú. Ìbẹ̀wò ń dùn tàbí kó má dùn.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ wò ó bóyá èyí á bá yín lára mu fún àkọlé: "Eré alárìnwò tí yóò la àlejò lójú nínú ìlú." Inú ìwé lẹ́yìn náà ni ẹ ti lè ṣàlàyé pé àwọn kan nínú eré náà ní àfilékè, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kámẹ́rà ń jẹ bátìrì. Mo ka èyí náà sí Màmá létí. Wọ́n ní, "Ìyẹn yé mi," wọ́n sì ní kí n bá wọn bu omi sí ẹ̀wà.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju àfilékè lọ, kó mú un wá kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, nítorí ọjọ́ náà ni ìwé ń lọ sílé ìtẹ̀wé.