Èsì lórí “awònú-ọ̀daràn”: ọmọ tó bá wá sí kóòtù kò dá ọ̀ràn kankan

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ìjíròrò yìí, mo kí yín. Ọ̀gá wa láti Ọ̀fà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Arábìnrin wa kan ní Ìlọrin ló béèrè bí òun ṣe máa ṣàlàyé fún ìyá ọkọ òun pé ọmọbìnrin òun fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ di “child, family and forensic psychologist”, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìṣe ènìyàn mọ ìrònú rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹbí àti kóòtù. Ọ̀gá wa fún un ní “awònú-ọ̀daràn”, ẹni tó ń wo inú ọ̀daràn. Wọ́n ní ó kúrú, ó sì dùn lẹ́nu. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ sí i. Èmi ò pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohùn. Ọ̀gá wa fi ohùn ìsàlẹ̀ sórí wò, wọ́n ní bó ṣe wà nínú awòràwọ̀ nìyẹn. Rárá o. Wò máa ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ti tẹ̀lé e: wo ilé, wo ojú, wo ọmọ. Ohùn ìsàlẹ̀ tí à ń gbọ́ nínú awòràwọ̀, ti ìràwọ̀ ni. Fáwẹ̀lì rẹ̀ ló jẹ, ohùn rẹ̀ ṣẹ́kù. Inú kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tó lè fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Awonú ni yóò jẹ́, bó bá tilẹ̀ máa jẹ́ ọ̀rọ̀.

Kò sì yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ta ló ń wo inú ènìyàn? Ọlọ́run nìkan là ń pè ní Arínúróde. Lẹ́yìn Ọlọ́run, àwọn tó ń tẹ yanrìn ní agboolé wa ló ń sọ pé àwọn rí i. Ẹ lọ sọ fún ìyá àgbà kan ní Ìlọrin pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ di awonú, kí ẹ wá gbọ́ ohun tó máa jáde lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ tí ọmọ yìí fẹ́ kọ́ kò ní àfọ̀ṣẹ nínú. Ohun tí ènìyàn sọ, ohun tó ṣe, bó ṣe jókòó, bó ṣe sùn, bó ṣe ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ ìrònú rẹ̀ dé ibi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gbé èyí dání ti wà nílẹ̀, a sì ti ń kà á nínú ìwé: afìṣemọ̀rònú. A-fi-ìṣe-mọ-ìrònú. Ẹ wo bí ohùn ṣe tò síbẹ̀ láìṣì. Ohùn ìsàlẹ̀ orí mọ̀, ti ìrònú ni, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀mọ̀wé ṣe jẹ́ ti ìwé. Ẹni tó hun ọ̀rọ̀ yẹn mọ èdè. Ọ̀gá wa ní ó gùn jù. Ṣé ó gùn ju alákòóso lọ tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi lè pè é? Wọ́n tún ní kò yàtọ̀ sí dókítà Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ó yàtọ̀ púpọ̀. Lambo tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Aró láti 1954, dókítà ọpọlọ ni. Ó lè kọ oògùn fún aláìsàn. Afìṣemọ̀rònú kì í ṣe dókítà oníṣègùn, ọ̀rọ̀ àti àkíyèsí ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni “ọ̀daràn”. Ọ̀gá wa kọ ọ́ pé ọ̀daràn lè jẹ́ “ẹnikẹ́ni tí ọ̀ràn dé bá”. Dá tó wà láàrín rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó dá ọ̀ràn ni ọ̀daràn, ọ̀ràn ọ̀hún sì ti dá tán. Ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé, ọ̀ràn dé bá a. Ta ni yóò la ẹnu pè é ní ọ̀daràn? Kódà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, abala 36 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé aláìlẹ́bi ni títí ẹ̀sùn náà yóò fi fìdí múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kò gbọdọ̀ ti ṣèdájọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

Àwọn wo gan-an ni afìṣemọ̀rònú yìí ń bá pàdé? Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kọra wọn sílẹ̀, tí kóòtù fẹ́ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ti rí ìtọ́jú tó dáa jù. Ọmọ tí wọ́n lù. Ọmọ tí ìjà ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá orí rẹ̀ pé nígbà tó ṣe ohun tó ṣe. Lightner Witmer, afìṣemọ̀rònú ará Amẹ́ríkà tó dá ilé ìtọ́jú irú èyí sílẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní 1896, ọmọdékùnrin kan tí kò lè sípẹ́lì ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá bá a. Hugo Münsterberg, afìṣemọ̀rònú ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Harvard, ẹ̀rí ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí ni wàhálà tirẹ̀ ní 1908: báwo ni ojú ṣe ń tan olóòótọ́ jẹ. Níbo ni ọ̀daràn wà nínú gbogbo ìwọ̀nyí?

Ọ̀rọ̀ Látìnì tó bí “forensic” gan-an, gbàgede ìlú Róòmù ló ń tọ́ka sí, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba. Ẹjọ́ ni mófíìmù, ègé ọ̀rọ̀, tí à ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ní ká fi ìdájọ́ rọ́pò rẹ̀, mo tako ìyẹn náà. Adájọ́ ló ń dá ẹjọ́. Afìṣemọ̀rònú á kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé, á dúró lórí ohun tó kọ bí agbẹjọ́rò bá bi í ní ìbéèrè, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ó tilẹ̀ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ẹni tó wá bá sọ̀rọ̀ pé ohun tí wọ́n jọ sọ kì í ṣe àṣírí, yóò dé iwájú adájọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kó tún jẹ́ òun kan náà ni yóò máa tọ́jú ọkàn ẹni yẹn.

Ọ̀gá wa kọ̀wé pé “àwa tí a ka èdè ní yunifásítì” ló yẹ kó máa dá ọ̀rọ̀. Èmi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìgbómìnà ni mo fi mu ọyàn, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kú láàrín ẹnu ọmọ àti etí adájọ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra. Adájọ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lóye, bóyá ó mọ̀ pé òótọ́ ló yẹ kóun sọ. Ọmọ ìlú Orò tí wọ́n tọ́ dáadáa á dé iwájú àwọn aláṣọ dúdú wọ̀nyẹn, á sorí kodò, á máa wo ilẹ̀. Agbẹjọ́rò kan á dìde pé irọ́ ló ń pa, pé kò lè wo ojú òun. Ṣé ọmọ tí a kọ́ a máa ranjú mọ́ àgbà ni? Mo gbọ́ ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé, nítorí ẹnu ògbufọ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè pàápàá! “Bàbá rẹ nà ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Àbí yẹn ti dáhùn tán kí ọmọ tó yanu. Àwọn àgbà agboolé wa mọ èyí. Wọ́n á pe ọmọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á ní, “Jókòó, jẹun. Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá?” Wọ́n á dákẹ́. Afìṣemọ̀rònú tó mọṣẹ́ kì í bi ọmọ ní ìbéèrè àbí. Ọmọ arábìnrin wa yóò ka ìwé oyè àkọ́kọ́, yóò ka èkejì, ó ṣeé ṣe kó ka ti ọ̀mọ̀wé, yóò sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá; ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ Yorùbá ìyá rẹ̀ délẹ̀, àbí yẹn á kọjá létí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fi lélẹ̀ ni: afìṣemọ̀rònú ọmọdé, ẹbí àti ẹjọ́. Arábìnrin wa, ẹ sọ fún ìyá àgbà pé ọmọ-ọmọ wọn fẹ́ máa fara balẹ̀ gbọ́ àwọn ọmọdé àti àwọn òbí wọn, kó lè ṣàlàyé wọn fún adájọ́. Yóò yé wọn.

Ẹnìkan láti Òmù-Àrán ti kọ̀wé sí mi pé ìdílé dára ju ẹbí lọ. Mo kọ̀ ọ́. Ìdílé, ti bàbá ni. Ní Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ìlànà Màlíkì nínú òfin Mùsùlùmí lórí ìtọ́jú ọmọ, bí ìyá kò bá lè gba ọmọ, ìyá ìyá ọmọ ló kàn, obìnrin yẹn kò sì sí nínú ìdílé bàbá ọmọ. Bí ẹ bá kọ ìdílé, ẹ ti ti ẹni tó ń tọ́ ọmọ síta. Ẹni Òmù-Àrán náà wá dáhùn pé bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, “ẹbí àti ẹjọ́” á di “ẹ̀bi àti ẹjọ́” lójú òǹkàwé, pé mọ̀lẹ́bí ló lè gbà wá. Ẹ fi àmì sí i ni èsì mi. Òun ní àwọn oníwèé ìròyìn kò ní fi sí i láéláé. Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán, Ọ̀fà àti Ìlọrin, ẹ bá wa dá sí i: ẹbí ni tàbí mọ̀lẹ́bí?