Lébẹ́ẹ̀lì tí mo ń tẹ̀ nílé ń yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọṣẹ dúdú àti òrí ni mo ń tà, inú ilé ni mo sì ti ń fi ẹ̀rọ inkjet (èyí tó ń fọ́n tàdáwà olómi sórí bébà) tẹ lébẹ́ẹ̀lì tí mo ń lẹ̀ mọ́ ike wọn, lórí bébà A4 alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ti gé sí ojú 21. Ìlà àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sáàyè gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ó ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi gun ojú ibi tí wọ́n gé. Mo ti yan ìwọ̀n 100% dípò «Fit to page», tó máa ń yí ìwọ̀n iṣẹ́ padà kí ó lè bá bébà mu, mo sì ti rí i dájú pé A4, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 297 mm, ni kọ̀ǹpútà ń lò, kì í ṣe ìwọ̀n bébà Letter ti Amẹ́ríkà; síbẹ̀ kò yí padà. Ṣé rọ́bà tó ń fa bébà wọlé ló ń yọ̀ ni, nítorí pé bébà náà nípọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán?

Èyí tó ká mi lára jù ni tàdáwà tó máa ń ṣí bí òróró bá kàn án, nígbà tó jẹ́ pé oníbàárà gbọ́dọ̀ lè ka orúkọ àwọn èròjà. Mo mọ̀ pé ooru ni ẹ̀rọ laser fi ń yọ́ ìyẹ̀fun tàdáwà rẹ̀ mọ́ bébà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé àtè bébà tí wọn kò ṣe fún un lè yọ́ sínú ẹ̀rọ. Irú bébà wo ni ẹ ń lò tí òróró kì í bà jẹ́?