Ṣé "alálòpẹ́" ni àbí "àlòṣẹ́kù"?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a máa fi túmọ̀ sustainable, iná ni ò sí l'Ákùúrẹ́ níbí, bátìrì fóònù mi náà sì ti darúgbó.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Óǹdó ní kí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tí mò ń bá ṣe pọ́rójẹ́ẹ̀tì kọ "alálòpẹ́" síbi tí òyìnbó bá ti kọ sustainable. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà, ọ̀kan ní "Ṣé bíi báàgì ilé ìwé tí kì í tètè já?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, náílọ̀n máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ ju ẹni tó rà á lọ, ṣé a máa wá pe náílọ̀n ní alálòpẹ́ ni?

Lọ́dún 1987, ìgbìmọ̀ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland ará Norway jẹ́ alága rẹ̀ ṣàlàyé ìdàgbàsókè tó jẹ́ sustainable pé ká máa gbọ́ bùkátà tiwa lónìí láì dínà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ pípẹ́ kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ká jẹ kó ṣẹ́kù ni, a sì ti ní irú ẹ̀ nílẹ̀. Ta ni ò mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú wa? Ibẹ̀ ni ìyá mi ti yá owó ilé ìwé mi. Ìdí tí mo fi mú "àlòṣẹ́kù" wá nìyẹn.

Àǹtí wa ní ó jọ "àlòkù" jù, pé àwọn èèyàn á rò pé fíríìjì tòkúńbọ̀ la fẹ́ tà. Mo rẹ́rìn-ín gan-an. Àmọ́ ẹ wo "àjẹkù" àti "àjẹṣẹ́kù" ná. Àjẹkù ni ìrẹsì tó kù nínú abọ́ ọmọ, àjẹṣẹ́kù ni owó tá a mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn láti ọjọ́ yìí wá. "Ṣẹ́" yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí àwọn ọmọ náà ń ṣe: ọmọ mẹ́rin ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ro ẹ̀rọ tó lè wà ní ogún ọdún sí i. Èèpo kòkó ni wọ́n mú. Ẹni tó bá ti dé oko kòkó ní Ìdànrè á ti rí òkìtì èèpo lábẹ́ igi, torí nínú èso kòkó kan èèpo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀, hóró nìkan là ń kó lọ, tó bá sì jẹrà síbẹ̀ àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lè tinú ẹ̀ ràn. Wọ́n fẹ́ rọ́ ọ sínú àgbá tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀, kí àwọn kòkòrò tójú ò rí sọ ọ́ di gáàsì ìdáná, kí ìyókù di ajílẹ̀. Gáàsì yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe tuntun, tuntun ibẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn irin kékeré tó ń mọ nǹkan lára, á máa wo ooru inú àgbá àti bí ohun inú ẹ̀ ṣe ń kan sí, kọ̀ǹpútà á sì máa mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n da èèpo sí i, torí èèpo kòkó le, kì í rà bọ̀rọ̀.

Ni wọ́n bá kà á fún ìyá àgbà ọ̀kan nínú wọn. Mama gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Ọṣẹ wa ńkọ́?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Àwọn ọmọ ò rò ó rárá, èmi tíṣà wọn náà ò rò ó, ká sòótọ́. Tó bá jẹ́ "alálòpẹ́" la kọ, ìbéèrè mama ò ní ibi tó máa wọlé sí, àgbá ṣáà ti lágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àlòṣẹ́kù, wọ́n á bi í pé kó ṣẹ́kù fún ta. Wọ́n ti tún un kọ báyìí, wọ́n yọ apá kan èèpo sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́ṣẹ.

Ní ti emerging, tí òyìnbó fi ń pe ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, "tó ń yọjú" ò tẹ́ mi lọ́rùn, àlejò ló ń yọjú, ó sì lè padà sílé. Ẹ jẹ́ ká mú "àṣẹ̀ṣẹ̀yọ" bíi ti ewé. "Afura" tí àwọn ọmọ fẹ́ fún sẹ́ńsọ̀ dùn létí, ìfura sáà loògùn àgbà, àmọ́ bàbá kan níbí ní irin kì í fura, ó kàn ń mọ nǹkan lára ni. Mo ti gbà fún wọn, sẹ́ńsọ̀ ni kó máa jẹ́ jàre.

Èyí tó kù ni unsustainable, òdìkejì sustainable. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ báàgì lọ́jọ́sí ló ní "àlòtán". Mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ náà là ń lò tán, a ò sì bú ọṣẹ. Kí lẹ rò? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fi ìwé wọn sílẹ̀.