Àjèjì kì í ṣe ará ọ̀run: èsì mi lórí "arọ́run"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo kí àbúrò wa tó ń fi Yorùbá kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀. Orí kìíní tó fi ránṣẹ́ sí wa, mo kà á tán ní ìjókòó kan. Ọmọ ènìyàn àti àwọn ẹ̀dá kan tó ti ìdí ìràwọ̀ mìíràn wá ti bá ara wọn jagun títí ó fi rẹ tọ̀tún tòsì, wọ́n wá ń wá bí ìjà yóò ṣe parí. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, inú mi sì dùn pé èdè wa ló fi ń rò ó. Orúkọ tó fún àwọn ẹ̀dá wọ̀nyẹn ni n kò lè gbà: "arọ́run".

Àlàyé rẹ̀ ni pé bí a ti ní aráyé, ká ní arọ́run. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjẹ̀bú gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní ìpàrójẹ fáwẹ̀lì ni, ìyẹn yíyọ fáwẹ̀lì kan nù, pé ará àti ọ̀run ló sún kì, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kò parí. Nínú aráyé, a àti a ló pàdé. A yọ ọ̀kan, etí kò pàdánù ohunkóhun. Ti ará àti ọ̀run yàtọ̀. Ẹ tẹ́tí sí ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́: arọ́ọ̀run ni wọ́n ń pè, bí wọ́n ti ń pe ará òkè ní aróòkè. Àrànmọ́ nìyẹn: fáwẹ̀lì kan ló mú kí èkejì dún bíi tirẹ̀. Fáwẹ̀lì méjèèjì wà níbẹ̀, ohùn òkè lórí ti àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ lórí ìkejì. Ọ̀ olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló gbé ọ̀run dúró. Ẹni tó bá yọ ọ́, ọ̀run ló yọ. Ohun tó kù lẹ́nu ni a-, rọ́, run: àfòmọ́ tó wà nínú apẹja, rọ́ tí ẹsẹ̀ ń rọ́, àti run tí ìdílé ń run. Èpè ni ọ̀rọ̀ náà ń dún létí mi. Bí Ẹ̀gbọ́n bá mọ àgbàlagbà kan, ní ìlú kankan nílẹ̀ Yorùbá, tó ń pe ará òkè ní "arókè", kí wọ́n dárúkọ ìlú náà fún wa.

Ká tilẹ̀ ní a dá ohùn ìsàlẹ̀ náà padà sáyè rẹ̀, orúkọ yẹn ti ní olúwa. Eégún ni ará ọ̀run. Bàbá tó ti kú, tó padà wá bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò, òun là ń kí ní ará ọ̀run kìnkìn. A kì í bá ará ọ̀run jagun, a kì í sì í pè é síbi ìlàjà. Ìre là ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ilé! Ibi tí a ti wá, tí a ó sì padà sí. Ẹ̀dá tí kò bá wa tan, tí kò mọ̀ wá rí, báwo ló ṣe di ará ilé wa? Àbúrò wa dáhùn pé ojú ọ̀run lòun ní lọ́kàn, níbi tí ìràwọ̀ wà. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. "Ojú" yẹn kò ṣeé jù nù, òun ló ya ohun tí a ń rí lókè sọ́tọ̀ kúrò lára ilé àwọn baba wa.

Ìyá àgbà mi ní Ìkọ̀lé Èkìtì mọ ìràwọ̀ lórúkọ. Wọ́n máa ń fi Àgùàlà (Venus) hàn wá, wọ́n á ní: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ẹni tó pa òwe yẹn ti wo ojú sánmà pẹ́, ó ti rí i pé Àgùàlà kì í ṣe ẹmẹ̀wà òṣùpá, pé ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà náà la mọ̀ lónìí: oòrùn ló ń yí ká, ọjọ́ 225 ló sì ń gbà á. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà rí pé ọ̀run ni ibẹ̀. Ayé ni, ayé ọ̀tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó ń gbé inú irú ayé bẹ́ẹ̀, aráyé lòun náà, ayé tirẹ̀ ló kàn yàtọ̀ sí tiwa.

Kí wá ni ká pè wọ́n? Àjèjì. Ẹnìkan ti kọ ọ́ pé àjèjì kéré jù, nítorí pé ẹni tó ti Òṣogbo wọ Adó náà ni àjèjì. Ibi tó ti wúlò nìyẹn! Kí ẹ lọ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan, ọba jókòó pẹ̀lú àwọn olorì; ní apá kejì, àwọn ènìyàn ru Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. (Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum ló sì wà. Ó dùn mí pé kò sí ní Ìkẹ́rẹ́.) Irú ènìyàn tí ìlú kò rí rí ni Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ yẹn. Kò gbẹ́ ẹ bí iwin, kò gbé ẹ̀kú eégún wọ̀ ọ́. Ó gbẹ́ ẹ bí ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ọba, tí ọba sì jókòó dè.

Ohun tó ń ká mi lára jù nìyí. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀. Bí a bá gbà á sílé tí a bu omi fún un, ó di àlejò. Bó bá pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó di àtìpó. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, mọ èyí, wọ́n sì lo àlejò àti àtìpó pa pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lé e kúrò, àtọ̀húnrìnwá ni yóò pè é. Nínú orí kìíní, ọ̀gágun tó ń fẹ́ ogun àti obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, "arọ́run" ni àwọn méjèèjì ń pe àwọn ẹ̀dá náà. Àǹfààní ńlá ló sọnù yẹn! Kí ọ̀gágun máa wí pé àtọ̀húnrìnwá. Kí obìnrin yẹn máa wí pé àlejò. Kí ẹni tó ń sọ ìtàn dúró lórí àjèjì. Lọ́jọ́ tí "àlejò" bá kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀gágun, òǹkàwé yóò mọ̀ pé ogun ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Èdè wo ló tún fún òǹkọ̀wé ní irú èyí lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹlòmíràn ní ká yọ àlàáfíà kúrò nínú ìwé náà nítorí pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá la ti yá a. Kó fi í sílẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu wa ju kí a lé e jáde lọ. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìparí ìjà ló ń wá, kó wá sí Èkìtì. Ogun Kírìjí, tí ìró ìbọn ńlá fún lórúkọ, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, dojú kọ Ìbàdàn. Ní 1886, àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ṣe alárinà títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Síbẹ̀, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò ní ibùdó. Àwọn tó gbọ́ èdè ara wọn nìyẹn o! Alárinà, ìlàjà, àdéhùn, ìtúká ogun: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́ rí, kò sí ìdí láti rọ òmíràn. Kí àbúrò wa sì fi ọdún méje yẹn sọ́kàn, nítorí nínú ìwé tirẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé náà ni gbogbo ogun dáwọ́ dúró. Èyí yá jù.

Sí ẹni tó kọ̀wé láti Èkó pé ẹni tó ń pe ilé ní "ulé" kò lè kọ́ òun ní àfòmọ́: ulé, ugi, uṣu, bí àwọn baba wa ní Èkìtì ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó ní òfin tirẹ̀, kì í ṣe àṣìsọ. Ìkọ̀lé tí mo ti kọ́ ọ náà ni wọ́n ti bí J. F. Adé Àjàyí, òpìtàn àgbà, ní 1929. Ẹ̀ka èdè kò dí ìmọ̀ lọ́wọ́. N kò ní dá a lóhùn mọ́ lórí èyí.

Ó ku ọ̀kan, òun ni ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ní ìparí orí kìíní, àwọn aṣojú méjèèjì "mulẹ̀" nínú ọkọ̀ tó wà láàárín ìràwọ̀. Mu ilẹ̀. Ilẹ̀ wo? Irin ni wọ́n dúró lé. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ìmùlẹ̀, òun ló ń mú ọ̀dàlẹ̀. Àjèjì tí ilẹ̀ wa kò bí, tí kò ní sin ín, kí ni yóò fi bẹ̀rù rẹ̀? Bí ìhà kọ̀ọ̀kan bá bu erùpẹ̀ ayé tirẹ̀ wá, tí wọ́n pò ó pọ̀, ìmùlẹ̀ náà á dúró, ojú ewé yẹn á sì le ju gbogbo èyí tó kù lọ. Bí kò bá sí ilẹ̀ níbẹ̀, kó kọ "ṣàdéhùn", kó sì fi mulẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò, ta ló gbé ilẹ̀ wọ ọkọ̀ yẹn? Mo fẹ́ gbọ́ èsì kí orí kejì tó jáde.